Àpótí Ẹ̀wà Ìyá Káfíńtà

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí ọmọkùnrin káfíńtà fi kú. Ìkòkò ẹ̀wà tí gbogbo ilé jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ṣì wà lórí sítóòfù, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀wà yìí ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ká ní ibà ló pa ọmọ náà ni, ẹkún nìkan ni wọn ì bá sun. Àmọ́ inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bù ú fún gbogbo wọn. Káfíńtà jẹ ẹ́, ó tún ní kí wọ́n bù sí i. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, jẹ ẹ́ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Sísí, ọmọbìnrin wọn àgbà, jẹ ẹ́, ó lá àwo. Ìyá káfíńtà, àgbàlagbà obìnrin tó se é, jẹ ẹ́. Inú ò run ẹnì kankan. Èyí tó kéré jù nínú ilé, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré torí pé ó máa ń káwọ́ sẹ́yìn rìn kiri bí onílé tó fẹ́ gba owó ilé, òun nìkan ló ju ṣíbí sílẹ̀. Ó bì. Ó làágùn. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí bàbá rẹ̀ tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti dákẹ́.

Dókítà ní àfi kí àwọn yẹ òkú náà wò kí àwọn tó lè mọ ohun tó pa á. Ìyá ọmọ fi ara rẹ̀ bo òkú náà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ọmọ òun, kó kọ́kọ́ fi kan òun. Wọ́n gbé e padà sílé. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kan pósí náà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a di pákó mú.

Ìyá Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu sọ ohun tí gbogbo àdúgbò ń rò. Ilé dé ilé ni obìnrin yìí ti ń kó aṣọ ìdọ̀tí, kò sì sí ilé tó ti kó aṣọ tí kì í kó ọ̀rọ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ gbọ́ ná," ó ń sọ fún àwọn obìnrin nídìí omi. "Ṣé ẹ̀wà lójú ni? Ṣé ẹ̀wà ló wo gbogbo wọn láwòfín, tó wá ní èyí tó kéré jù lòun ń mú? Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ o. Ọwọ́ tó se ẹ̀wà yẹn, ọwọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ lọ bi."

Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀, ó sì ti sọ ọ́ tán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sọ ìyá arúgbó di àjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà nílé yẹn, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe nídìí omi.

Ẹ̀wà alámì ni ìyá náà fẹ́ràn, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí àmì dúdú wà lára rẹ̀ káàkiri. Inú àpò ló máa ń kó o sí tẹ́lẹ̀, kòkòrò a sì máa jẹ ẹ́, ìyá a máa ráhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ kan, káfíńtà kàn dìde láìsọ̀rọ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yan pákó tó dára jù tó ní, ó sì kan àpótí kan fún un. Àpótí náà ga dé àyà ìyá, ó ní ìdérí, pákó rẹ̀ sì wọnú ara wọn débi pé abẹ́rẹ́ ò lè gba àárín wọn. Inú ìyá dùn, ó ń fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹran ọ̀sìn lára. Wọ́n da ẹ̀wà kún un dẹ́nu. Kòkòrò ò sì jẹ ẹ́ mọ́.

Nígbà tí ẹ̀wà lọ sílẹ̀ nínú àpótí, apá ìyá ò tó o mọ́. Àpótí náà wúwo, kò ṣe é dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Bàbá Kékeré ló wá di ẹni tó ń bu ẹ̀wà. Ìyá á gbé e wọnú àpótí, orí rẹ̀ nìkan lèèyàn á máa rí, á máa fi agolo bù ú jáde, á sì máa pàṣẹ.

"Ìyá àgbà, ẹ gbé abọ́ sún mọ́ mi! Ẹ̀wà ń dà sílẹ̀!"

"Mo ti gbé e sún mọ́ ọ, ọ̀gá mi."

Á ju ẹyọ ẹ̀wà gbígbẹ kan sẹ́nu, á máa rún un, á máa lá ìka. Ìyá á ní eyín rẹ̀ á kán. Á ní kó kán, òun ní òmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ jókòó síwájú ilé ìdáná láti ṣa ẹ̀wà, òkúta lọ́tọ̀, èyí tó fọ́ lọ́tọ̀. Ìyá á fi omi fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, á gbé e kaná, tó bá ti hó á da omi àkọ́kọ́ nù, á tún fọ̀ ọ́, kó tó wá fi omi tuntun àti àlùbọ́sà sí i. Iyọ̀ dìgbà tó bá rọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kí inú má baà kún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ náà kú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é, àwọn méjèèjì, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀rín tán nílé yẹn.

"Màámi, ẹ ṣàlàyé fún mi," ìyàwó sọ, ojú rẹ̀ ti wú. "Kí lẹ fi sí àwo ọmọ mi?"

"Ìyàwó mi, ẹ̀wà ni."

"Ẹ̀wà tí gbogbo wa jẹ?"

"Ẹ̀wà tí gbogbo wa jẹ."

"Ó tó!" káfíńtà pariwo. "Ìyá mi ló bu tèmi náà. Mo kú ni?"

"Ẹ̀yin kọ́ ló wù wọ́n láti jẹ," ìyàwó dáhùn.

Káfíńtà gbé ọwọ́ sókè, ó tún gbé e sílẹ̀, ó jáde. Kì í ṣe ẹni tó ń lu ìyàwó. Ṣọ́ọ̀bù ló máa ń lọ jókòó sí látìgbà náà, kì í fági, kì í kan ìṣó. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ti kọ́kọ́ wá bàtà kó tó gbé e.

"Bàtà, Màámi," ó sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tó gbé omi wá fún un. "Ọmọ mi ń kú lọ, èmi ń wá bàtà."

"Bàtà ò pa ẹnikẹ́ni."

"Tí n bá tètè lọ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ikú yẹn ti wá ńkọ́, Màámi? Mi ò ní lè dúró láyé. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mi ò ní lè dúró."

Okùn tó fi ń di pákó wà lórí itan rẹ̀. Kò dì í mọ́ nǹkan kan, ó kàn ń fi ọwọ́ yí i. Ìyá gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà téèyàn ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó kó gbogbo okùn inú ṣọ́ọ̀bù, ó lọ fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Látọjọ́ náà, tí káfíńtà bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyá á yọjú. Kò bìkítà fún orúkọ tí àdúgbò ń pe òun. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń ṣọ́, kó má kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Alágbàfọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá, ohun tó rí sì dá a dúró. Ìyá arúgbó jókòó sórí òkúta, àwọn ẹyẹ yí i ká bámúbámú, ó ń da nǹkan sílẹ̀ fún wọn, ó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Jẹ ẹ́, ọ̀gá mi," ni Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́. "Jẹ ẹ́. Ọ̀la màá tún mú wá."

Ẹ̀rù bà á dé ìdí. Aṣọ tó rù já bọ́, kò dúró ṣà á. Kò mọ̀ pé ẹ̀wà fífọ́ tí àwọn méjèèjì jọ ṣà láàárọ̀ ọjọ́ ikú náà ni ìyá ń dà nù, tó ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń dà á. Èmi ò bá a wí torí pé kò mọ̀. Mo bá a wí torí pé kò bèèrè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ẹyẹ wà káàkiri ẹ̀yìnkùlé náà.

Ó parí! Àwọn tó kó aṣọ wá fún aránṣọ wá ń gba aṣọ wọn padà láìtíì rán an. Ẹnì kan ní òun fẹ́ bọ́tìnnì òun nìkan. Ìyá Alágbàfọ̀ ló wá mú ìyàwó lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀, ó ní, "Ọmọ kan ló kù fún ọ o. O máa jókòó máa wò ni? Mo mọ aríran kan." Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, wọ́n ń sọ ọ́ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyàwó kì í ṣe èèyàn búburú. Ọmọ rẹ̀ kú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un ìdí tó fi kú. Bí wọ́n bá ní òkúta ló jẹ ẹ́, á gbà.

Káfíńtà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Inú bí i débi pé ó jáde nínú ṣọ́ọ̀bù fúngbà àkọ́kọ́.

"Màámi, ẹ se ẹ̀wà," ó sọ. "Ẹ se ìkòkò ńlá. Màá gbé àga síta gbangba, màá jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn, màá lá ìkòkò. Kí wọ́n wo ẹni tó máa kú."

"Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi."

"Mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá mi lẹ jẹ́."

Orí ìyá wú. Ó gbé abọ́, ó lọ sídìí àpótí. Ẹ̀wà tó kù ò ju ìsàlẹ̀ lọ. Sísí ní òun á bù ú, ó sì ti gun àpótí kí ìyá tó fèsì, ó fò wọnú rẹ̀, ó ń fi agolo ha ìdí. Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu bí àbúrò rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

"Ìyá àgbà, ẹ wo ọwọ́ mi! Mo ti kun lẹ́búlẹ́!"

Ìyá dì í mú lọ́wọ́. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ó gbé e sún mọ́ imú. Òórùn ṣọ́ọ̀bù ni, òórùn ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tí òun náà jẹ́ káfíńtà.

Oògùn kòkòrò igi ni. Ọkọ rẹ̀ kì í kan àpótí láìbu oògùn yẹn sí ìdí rẹ̀ àti gbogbo ibi tí pákó ti wọnú ara wọn. Ó ní ẹni tó bá gba àpótí lọ́wọ́ òun, kòkòrò ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ títí ayé. Ó kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n débi pé kì í rò ó mọ́ kó tó ṣe é. Àpótí aṣọ ni wọ́n ń kàn látọjọ́ yìí wá, àpótí ìwé, àpótí irinṣẹ́. Ọjọ́ tó kan àpótí tí oúnjẹ máa wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é. Ó ṣe é fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ó bù ú sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi tí ìyá fi ń fọ ẹ̀wà léraléra ló gba àwọn tó jẹ ẹ́ ní sísè là. Bàbá Kékeré nìkan ló ń dúró nínú rẹ̀, tó ń lá ìka.

Ìyá ò ráyè ké. Ó fa Sísí jáde, ó ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ọmọ ń jà, ó ń sunkún, ìyá ò dẹwọ́. "Pọ̀ ọ́! Pọ̀ ọ́ jáde, ìyá mi!" Sísí bì sára àwọn méjèèjì. Ìyá da omi lé e lọ́wọ́, ó ń bó o bí ẹni ń fọ ìkòkò, ó tún ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun.

Bí ìyàwó ṣe wọlé bá wọn nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó rí: ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un lórí ilẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí, ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ wà lọ́fun rẹ̀.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Ó ti mú èyí náà o! Ẹ wá wò ó, ọwọ́ rẹ̀ rèé!"

"Ìyàwó mi, ó ti—" ìyá bẹ̀rẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ó pa ẹnu dé.

Sísí ò kú. Ó sùn díẹ̀, ó jí, ó ní ebi ń pa òun. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Alágbàfọ̀ ti mú aríran rẹ̀ dé. Ọkùnrin gíga kan ni, dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, ó sì kọlu àga kó tó rí ibi tó máa jókòó. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, káfíńtà ì bá rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn jókòó sí yàrá ìgbàlejò, àwọn ará àdúgbò kún ẹnu ọ̀nà. Aríran bọ́ dígí, ó dijú.

"Ẹni tó jẹ ọmọ yẹn wà nínú yàrá yìí," ó sọ. "Tí kò bá jẹ́wọ́, ọmọbìnrin yìí ló kàn."

Ìyàwó fa Sísí mọ́ àyà. Gbogbo ojú lọ sára ìyá arúgbó.

Káfíńtà bá dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín ò wọ̀ mí létí," ó sọ. "Ìyá mi kì í ṣe àjẹ́. Láti ọ̀sán ni mo ti ń rò ó. Sísí ò jẹ ẹ̀wà tí wọ́n sè. Wọn ò tiẹ̀ tíì dáná. Inú àpótí ló ti jáde tó fi ń bì. Bàbá Kékeré náà, inú àpótí yẹn ló wà láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Kì í ṣe ìyá mi. Nǹkan kan ló wà nínú àpótí yẹn, mi ò mọ ohun tó jẹ́." Ó na ọwọ́, ó mú òòlù rẹ̀. "Èmi ni mo kàn án, èmi ni màá tú u. Pákó kọ̀ọ̀kan. Lójú gbogbo yín, nísinsìnyí. Kí ẹ wá bẹ ìyá mi."

Ó ti ń lọ. Ọjọ́ náà ló wá dà bí ara rẹ̀, ọkùnrin tó mọ ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré ló kù kó dé ìdí àpótí.

"Jókòó," ìyá rẹ̀ sọ.

"Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀, mo fẹ́ gbèjà yín."

"Má gbèjà mi. Èmi ni."

Káfíńtà yíjú padà. Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo pa á. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Mo ti fi nǹkan sínú ẹ̀wà yẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ mọ́, adìẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò tó jìn, kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n sun àpótí náà. Ìyàwó mi ni kó sun ún. Tí ọkùnrin ilé yìí bá tú pákó kan péré lára rẹ̀, òun náà á kú."

Nínú gbogbo ohun tó fẹnu sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn nìkan ni kò fi irọ́ kún.

Ariwo sọ. Ìyá Alágbàfọ̀ ń pàtẹ́wọ́ pé òun wí i, òun wí i. Aríran fi dígí rẹ̀ sójú padà kíákíá, ẹnu ya òun gan-an. Káfíńtà ò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ ní ẹ̀ ń ṣeré. Wọ́n ti kó àárẹ̀ bá yín ni."

"Mi ò ṣeré."

"Kí ló dé? Kí lọmọ yẹn ṣe fún yín?"

Ìyá ò ronú kan ìbéèrè yìí. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó ń wá irọ́ kan tí yóò bá a mu, kò rí. "Kò ṣe mí ní nǹkan kan," ó sọ. "Ọmọ dáadáa ni."

Káfíńtà dìde. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò fi ohùn líle bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí.

"Jáde nílé mi," ó sọ. "Ìwọ obìnrin yìí, jáde."

Kò sẹ́ni tó lù ú. Wọ́n là fún un lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń yẹra fún iná. Aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló wọ̀ lọ, ó forí lé ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin nítòsí ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì.

Ìyàwó ò lè sùn. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, ó ti gbẹ́ kòtò, ó ti da ẹ̀wà sí i, ó ti bò ó. Ó wọ́ àpótí náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń bú u bó ṣe ń wọ́ ọ. Ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ẹsẹ̀ gbá a kí iná lè ráyè wọ̀ ọ́. Pákó ìsàlẹ̀ ṣí díẹ̀, nǹkan funfun kan sì dà jáde.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Kò pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Àìmọye ìgbà ni ọkọ rẹ̀ ti kígbe mọ́ ọn nínú ṣọ́ọ̀bù pé kó má fọwọ́ kan agolo oògùn kòkòrò igi, pé oró ló wà nínú rẹ̀. Ó wo funfun tó wà ní gbogbo igun, tí wọ́n bù dọ́gba-dọ́gba, bí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣe ń bù ú. Ó rántí pé ìyá ní kí ọkùnrin ilé má tú u. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ṣáná sí i. Ó dúró tì í títí gbogbo rẹ̀ fi jó tán, ó fi igi ro eérú náà wò bóyá nǹkan kan kù. Lẹ́yìn ìyẹn ló sáré. Kò wọ bàtà, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn lójú ọ̀nà, ó ń sáré títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì.

Ìyá jókòó sórí àpótí ìjókòó nínú yàrá àbúrò rẹ̀, ó ń wo ògiri. Ìyàwó ṣubú lulẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màámi, mo rí i."

"Ṣé o ti sun ún?"

"Mo ti sun ún. Màámi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Màá sọ fún wọn. Màá dúró láàárín àdúgbò, màá kígbe rẹ̀ síta."

"Ta lo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún?"

"Ọmọ yín."

"Báwo lo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Sọ ọ́ fún mi ná, kí n gbọ́ bó ṣe máa dún létí rẹ̀."

"Màá ní... màá ní ẹ̀yin kọ́."

"Á ní, ta wá ni?"

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ojú.

"Okùn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi," ìyá sọ. "Gbogbo èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ni. Torí bàtà lásán ni mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Sun òun náà."

"Wọ́n á máa pè yín ní àjẹ́ títí ẹ ó fi kú."

"Èmi ni mo ń gbé e wọ inú rẹ̀, ìyàwó mi. Mo ń rí i tó ń lá ìka, mo ń rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n pè mí."

"Mi ò lè gbé e, Màámi. Mi ò lè máa wojú ọmọ yín lójoojúmọ́."

Ìyá arúgbó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a lójú mú. Ibẹ̀ ló ti sunkún, fúngbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí ọmọ ti kú.

"Ìwọ ti sin ọmọ tìrẹ," ó sọ. "Mo bẹ̀ ọ́. Má jẹ́ kí n sin tèmi."

Ọ̀sán ti pọ́n kí ìyàwó tó padà délé. Káfíńtà jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, níbi tí àpótí máa ń wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Sísí sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Níbo lo lọ?"

"Mo lọ wẹ̀ ni, lẹ́yìn tí mo sun ún."

"Wá jókòó." Ó wá àyè fún un. "Látọjọ́ àkọ́kọ́ lo ti sọ fún mi, tí mo ní o ti ń ya wèrè. Mo jókòó níwájú ìwọ tí ọmọ ẹ kú, mo ń gbèjà ẹni tó pa á. Díẹ̀ ló kù kí Sísí náà lọ. Dárí jì mí, Ìyá Sísí."

"Mo ti dárí jì yín."

"Mo kúnlẹ̀ fún un lánàá. Mo rò pé ó máa ní irọ́ ni." Ó gbé ojú sókè wò ó, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ bíi ti ọmọdé tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé àlá ni. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kí gbogbo wa tó mọ̀. Sọ fún mi, màá gba ohun tó o bá sọ. Ṣé ó dá ọ lójú? Ṣé òun ni lóòótọ́?"

Ìyàwó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ náà, ọwọ́ tó kan pósí ọmọ wọn.

"Òun ni," ó sọ.

Káfíńtà mi orí. Ó gbé orí rẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sunkún ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ pọ̀, títí oorun fi gbé e lọ.